Ìwé ọkọ̀ ní 10,300, pláànù ní 7,900: èwo ni ká gbà gbọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀gá awọnlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń bójú tó ilẹ̀ kan tí bàbá wa fi sílẹ̀ lẹ́yìn Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lójú ọ̀nà Ìlárà. Yangí ni a ń wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe títì ló ń rà á. A gba ìwé àṣẹ, ó sì ti lé lọ́dún kan tí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa fi fóònù rẹ̀ rìn yí ibẹ̀ ká, ó ní ilẹ̀ náà jẹ́ hẹ́kítà 2 àti áà 14 (áà kan jẹ́ 100 m²). Lóṣù tó kọjá, a mú géomètre kan, ìyẹn awọnlẹ̀, wá láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Òun ní hẹ́kítà 1 àti áà 93 ni. Ó tún ní ohun tí a ti wà kúrò nínú kòtò jẹ́ 7,900 m³. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwé tí a fi ń ka ọkọ̀, kámíọ̀n 1,030 ló ti jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan 10 m³. 10,300 nìyẹn! Owó orí tí wọ́n máa bù fún wa ń dẹ́rù bà mí, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń wo ọmọ tó ń kọ ìwé lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wo olè. Ta ló ń purọ́ nínú wọn? Báwo la ṣe máa ṣe é kí pláànù tó ń bọ̀ má dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa?

ÌDÁHÙN

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó fi ọmọ ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ jalè lẹ́nu ọ̀nà kòtò, iye ọkọ̀ tó kéré sí èyí tó jáde ló máa kọ, kó lè kó owó ìyókù sápò. Èrè wo ló wà fún ẹni tó kọ ohun tó ju ti pláànù lọ? Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri láàrin Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀, mo ti rí ibi tí irú rẹ̀ ti sọ ọmọ ìyá méjì di ẹni tí kì í kí ara wọn.

Kòtò ni géomètre yín wọ̀n, ọkọ̀ ni ẹ̀yin wọ̀n. Yangí tó wà nínú ilẹ̀ ti fún mọ́ra láti ayébáyé. Bí katapílà bá ti họ ọ́, ó fọ́ wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ wọ àárín rẹ̀, ó sì wú. Ẹni tó bá ti kọ ebè rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá tó ń ta gàrí tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù wá lọ, ìdí rèé tí kì í fẹ́ kí oníbàárà gbọn igbá òṣùwọ̀n. Ní ti yangí agbègbè wa, ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé 1 m³ inú ilẹ̀ ń di nǹkan bí 1.25 sí 1.35 m³ lẹ́yìn ọkọ̀. Òkúta líle Ṣábẹ̀ tí wọ́n fi àdó fọ́ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè di 1.5 tàbí kó lé. Ẹ mú 7,900 yẹn, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 1.3. 10,270 ló máa fún yín. Ìwé yín ní 10,300. Ọkọ̀ mẹ́ta péré ló wà láàrin wọn.

Ẹ má tíì jó o.

Kí ẹ tó kan yangí, ilẹ̀ dúdú wà lórí rẹ̀, èyí tó ní koríko àti gbòǹgbò. Ẹ kò tà á, ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ kó o sí. Ẹ jẹ́ ká ní ibi tí ẹ ti wà fẹ̀ tó 4,000 m², tí ilẹ̀ dúdú sì nípọn tó 30 cm. 1,200 m³ nìyẹn. Ṣé ó wà nínú 7,900 àbí kò sí níbẹ̀? Bó bá wà níbẹ̀, yangí tí ẹ wà jẹ́ 6,700 nínú ilẹ̀, 8,710 lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ pín in fún ọkọ̀ 1,030, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé nǹkan bí 8.5 m³, kò ní tó 10. Ìyẹn ni pé ọmọ yẹn ka ọkọ̀ bó ṣe yẹ, ọkọ̀ ni kì í kún. Ẹ̀yin náà ti fẹ́ lọ san owó orí lórí afẹ́fẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ pe géomètre yín, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ilẹ̀ dúdú ńkọ́?" Bó bá jẹ́ awọnlẹ̀ tòótọ́, kò ní bínú. Ó ṣeé ṣe kó tiẹ̀ ti wọn òkìtì ilẹ̀ dúdú náà lọ́tọ̀, kó kàn jẹ́ pé kò kọ ọ́ sórí pláànù.

Ẹ tún mú téèpù, kí ẹ dúró de ọkọ̀ mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ wọn gígùn inú rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní 10 m³ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 4.80 m ní gígùn, 2.30 m ní ìbú, 90 cm ní jíjìn. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10. Ó dáa. Bí wọ́n bá wá rù ú tán, ẹ tún gùn ún, ẹ wo bí yangí ṣe jìnnà sí etí pákó. Bó bá fi 13 cm péré rẹlẹ̀ sí etí, ọkọ̀ náà ti di 8.5 m³. 13 cm kì í hàn sí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà. Bó sì jẹ́ pé òkìtì ló wà lórí rẹ̀, tó ga ju etí lọ, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń fún oníbàárà ní èènì.

Ní ti owó orí, ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìwakùsà kí ẹ tó kọ nǹkan kan sínú fọ́ọ̀mù: ṣé iye ti inú ilẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ àbí ti ẹ̀yìn ọkọ̀? Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye náà. Iye tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára ló ń kó ni sí wàhálà.

Ohun tó ń dùn mí nínú lẹ́tà yín kò tíì sí nínú gbogbo èyí. Ẹ ní ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan fi fóònù rìn yí ibẹ̀ ká. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó wọn gíga ojú ilẹ̀ yẹn kí katapílà tó dé. Kí wá ni géomètre yín yọ kòtò kúrò lára rẹ̀? Ohun tí a wà kúrò jẹ́ àyọkúrò: ojú ilẹ̀ àná, ẹ yọ ojú ilẹ̀ òní kúrò níbẹ̀. Òní wà, ẹnikẹ́ni lè lọ wọ̀n ọ́n. Àná ti gun kámíọ̀n lọ. Ó dà bí yàrà tó yí ìlú yín ká ní ẹ̀bá Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu: gbogbo wa mọ̀ pé ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, pé erùpẹ̀ ibẹ̀ ló di odi, ṣùgbọ́n òjò ti fọ odi, erùpẹ̀ ti dí yàrà, ẹni tó bá fẹ́ sọ fún wa lónìí pé iye báyìí ni wọ́n gbẹ́ máa kọ́kọ́ ní láti fojú inú wo ibi tí ilẹ̀ àtijọ́ dé. Ojú inú náà ni géomètre yín lò. Ó wo ilẹ̀ tó yí kòtò ká, ó ní kí kọ̀ǹpútà na aṣọ láti etí kan dé èkejì, ó pe aṣọ yẹn ní ojú ilẹ̀ àná. Bí ilẹ̀ náà bá tẹ́jú tẹ́lẹ̀, kò burú. Bó bá jẹ́ pé òkìtì kékeré kan wà láàrin rẹ̀, ọ̀gán ńlá kan fún àpẹẹrẹ, tàbí ibi tó rẹlẹ̀ tí omi máa ń dá sí, aṣọ yẹn ti purọ́. Gíga tó fi 10 cm péré yẹ̀ lórí 4,000 m² jẹ́ 400 m³.

Àtúnṣe wà fún un, kò kàn lè pé pérépéré ni. Ẹ wá àwọn ibi tí katapílà kò tíì fọwọ́ kàn nínú kòtò: ìdí igi òrí tàbí igi irú tí ẹ bọ̀wọ̀ fún tí ẹ kò hú, erékùṣù ilẹ̀ kékeré tí awakọ̀ yí ká. Orí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ojú ilẹ̀ àná. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń pè é ní ẹlẹ́rìí, lórí iṣẹ́ tí wọ́n bá sì ṣe dáadáa, ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ láàrin kòtò títí awọnlẹ̀ yóò fi dé. Kí géomètre yín gun orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó wọn gíga ibẹ̀, kó fi àwọn àmì náà sínú aṣọ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàrin kòtò kékeré bíi tiyín lè tún ọ̀rọ̀ ṣe ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òun máa rí gíga àtijọ́ náà lórí máàpù tàbí àwòrán sátẹ́láìtì ọ̀fẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gíga inú wọn ń fi mítà yẹ̀. Kòtò tó jìn ní mítà méjì, kí lẹ máa fi irú rẹ̀ ṣe?

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọmọ onífóònù. Mi ò fẹ́ kí ẹ bú u. Lábẹ́ ojú ọ̀run gbalasa, fóònù máa ń yẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 5. Lábẹ́ igi, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: hẹ́kítà 1 àti áà 93, bó bá ṣe déédéé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ nǹkan bí 139 m, àyíká rẹ̀ jẹ́ 556 m. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin iye méjèèjì jẹ́ áà 21, ìyẹn 2,100 m². Ẹ fi 556 pín in, kò pé mítà mẹ́rin. Ọmọ yẹn kò lè gba inú ẹ̀gún kọjá, ẹ̀yìn igbó ló rìn, fóònù sì fi tirẹ̀ kún un. Mítà mẹ́rin péré ló sọ ilẹ̀ yín di ńlá. Ilẹ̀ ẹlòmíràn ló sì ń jẹ, nítorí ohun tó bá ti kọjá etí yín, ti aládùúgbò yín ni.

Ní báyìí, bí ẹ ṣe máa ṣe tuntun rèé. Kí géomètre kọ́kọ́ ri òkúta àmì mẹ́ta mọ́lẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "borne", sí ibi tí ọkọ̀ kò ní fi ẹ̀yìn gbá a, tí kòtò kò sì ní dé títí ọdún mélòó kan. Kí ìdí wọn jẹ́ kọnkéré tó jìn, nítorí ilẹ̀ pupa yín máa ń rọ̀ nígbà òjò. Ó ní láti jẹ́ mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, méjì tó kù á tú àṣírí rẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì péré lẹ ní, ta ni ẹ máa gbà gbọ́? Lórí ọ̀kan nínú wọn ni yóò gbé ẹ̀rọ GPS tí kì í rìn lé, kí èkejì tó wà lórí ọ̀pá máa rìn. Ìyá àti ọmọ ni èmi ń pè wọ́n. Bí ìyá bá mọ ibi tó jókòó sí, ọmọ kò ní yẹ̀ ju 1 sí 2 cm lọ ní ẹ̀gbẹ́, gíga rẹ̀ á fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bí ìyá bá mọ ibi tó jókòó sí," mo ní. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbà kúrú. Ilé iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ti ìjọba, IGN, ní ibùdó GPS méje tí a kọ́ láti máa gba sátẹ́láìtì tọ̀sán-tòru: Kútọnu, Agbómẹ, Savalou, Parakou, Nikki, Natitingou àti Kandi. Ara wọn la máa ń so ìyá mọ́. Fún ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀, Savalou kò ju nǹkan bí 60 km lọ. Fún ẹ̀yin ará Kétu, Agbómẹ ló sún mọ́ yín jù, ó tó 70 km. Pẹ̀lú ọ̀nà tó jìn báyẹn, ẹ̀rọ tó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún wákàtí mélòó kan. Èmi kì í gbà kó dín sí mẹ́ta. Bí géomètre bá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, tó jókòó sábẹ́ igi tó ń jẹ àkàsà, ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni. Ẹni tó dé tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré ni kí ẹ bẹ̀rù.

Gbogbo Bẹ̀nẹ̀ pátá wà nínú ẹkùn 31 lórí ètò UTM, èyí tí a fi ń tẹ́ ojú ayé sórí bébà, WGS84, òṣùwọ̀n ayé tí GPS ń lò, la sì ń lò. Kí ó kọ èyí sórí pláànù. Ẹ máa gbọ́ aládùúgbò tó máa fi téèpù wọn ààlà tó máa ní "pláànù yín kò pé". Lóòótọ́, ní Kétu, 1 km lórí ilẹ̀ máa ń dín ní nǹkan bí 39 cm lórí pláànù UTM, nítorí pé bébà tẹ́jú, ayé kò tẹ́jú. Ní ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ 139 m, 5 cm àti díẹ̀ ni. Kò tó ìjà.

Ti gíga le ju ìyẹn lọ. Gíga tí GPS ń fún ni kì í ṣe gíga láti ojú òkun. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ó fi ohun tó ju 20 m yàtọ̀ sí i. Bí ẹnì kan bá lo ti àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, tí ẹlòmíràn lo ti kejì lọ́dún tó ń bọ̀, kòtò yín á di kànga lórí bébà. Ìyẹn kò burú, torí gbogbo ayé á rí i pé irọ́ ni. Èyí tó ń pani ni ti àwọn méjì tí àwọn méjèèjì lo gíga òkun, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi tábìlì ìṣirò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yí i padà láti ti GPS, tí ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 40 cm. Kò sẹ́ni tó máa rí i. Lórí 4,000 m², 1,600 m³ ti wọ inú ìwé tàbí kó jáde níbẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí gíga máa ti ara borne yín jáde, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sórí pláànù, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá lẹ́yìn náà lo iye kan náà, ì báà wù ú, ì báà má wù ú.

Mo sọ ti ara mi fún yín. Lórí àpáta kan ní ẹ̀yìn Ṣábẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, mo ń wọn ìsàlẹ̀ kòtò tó fẹ̀ tó 6,000 m². Òjò ti ṣú dúdú lókè. Ọmọ iṣẹ́ mi wọn gíga ẹ̀rọ láti orí ìṣó dé ojú ẹ̀rọ, ó pè é fún mi: "Mítà kan àti 52!" Ààrá sán bó ṣe ń pè é. Mo kọ 1.25. A wọn igba àmì ó lé. Bí òjò ṣe ń ta sílẹ̀, ọmọ yẹn ti ń ká ọ̀pá, mo ní kó lọ gbé e lé ìṣó kan tí mo ti kàn mọ́ àpáta lọ́dún tó ṣáájú, tí mo fi ọ̀dà pupa yí ká. Ó kùn, ó ní òjò ti dé. Mo ní kó lọ. Nígbà tí mo ka gíga ìṣó náà, ó fi 27 cm rẹlẹ̀ sí ti ìwé mi. Òkúta kì í rì. Èmi ni mo ṣì í kọ. Ká ní mi ò wò ó ni, ilé iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún mi ì bá san owó lórí 1,620 m³ òkúta tó ṣì wà nínú ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò kúrò ní ibi iṣẹ́ láìpadà sí àmì tí mo mọ gíga rẹ̀, bí ebi ń pa mí, bí òjò ń pa mí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ géomètre yín: "Àmì wo lẹ padà sí nígbà tí ẹ parí? Èélòó ló fi yẹ̀?" Kó fi iye náà hàn yín.

Nínú kòtò fúnra rẹ̀, ojú ni kí ẹ fi máa wo ẹni tó gbé ọ̀pá. Ó gbọ́dọ̀ rìn ní etí kòtò lókè, kó máa gba àmì ní gbogbo ibi tí etí náà bá ti yà. Kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún rìn ní ìdí ògiri nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kàn ń fi ẹsẹ̀ ka mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá bí ẹni ń gbin àgbàdo, ẹ dá a dúró. Kọ̀ǹpútà kò mọ ògiri. Ohun tó mọ̀ ni kó so àmì mọ́ àmì. Bó bá rí àmì kan lókè àti òmíràn nísàlẹ̀ tó jìnnà sí i ní mítà 10, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló máa yà síbẹ̀, nígbà tí ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ògiri tó dúró ṣánṣán. Ẹ jẹ́ ká ní ògiri yín ga ní mítà 2, ó gùn ní 120 m. Bó bá bọ́ síbi tó burú jù, 1,200 m³ lè sọnù síbẹ̀. Iye kan náà ni pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ dúdú tí à ń sọ lẹ́ẹ̀kan. Kó má gbàgbé òkìtì ilẹ̀ dúdú, òkìtì yangí tí ẹ kò tíì tà, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo dúróònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń ya fọ́tò ilẹ̀ láti òkè. Ó dára gan-an níbi ògiri òkúta Ṣábẹ̀ tí ènìyàn kò lè gùn láìkú. Fún tiyín, owó ló máa gbọ́n lọ. Ènìyàn kan pẹ̀lú ọ̀pá á parí kòtò yẹn láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Dúróònù kì í rí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ koríko, orí koríko ló ń wọ̀n. Bí omi bá sì dá sínú kòtò, ojú omi ló máa pè ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó náà, kí wọ́n tẹ́ àmì funfun-dúdú márùn-ún ó kéré tán sílẹ̀, kí wọ́n fi GPS wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀kan kó wà nísàlẹ̀ kòtò. Láìsí ìyẹn, fọ́tò lásán ni, ẹ fi kọ́ sí pálọ̀.

Ìgbà tó dára jù láti wọ̀n ni ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ní Èrèlé, kí òjò Ẹrẹ́nà tó bẹ̀rẹ̀. Koríko ti jóná, ìsàlẹ̀ kòtò gbẹ. Kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí apá tuntun, kí katapílà tó kàn án. Èyí tí ẹ kò ṣe lọ́dún tó kọjá nìyẹn, ẹ má tún ṣe é.

Lórí bébà fúnra rẹ̀, fún kòtò tó kéré báyìí, 1:500 ló yẹ, ìyẹn ni pé 1 cm dúró fún mítà 5. Kí ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n wà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nìkan. Kí orúkọ àti èdìdì géomètre-expert tí òfin mọ̀ wà níbẹ̀. Kí ilé tó wà nítòsí, ọ̀nà, odò, wáyà iná, sàréè àti igbó òrìṣà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti rí pláànù tí wọ́n fi igbó àwọn àgbààgbà sílẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ òfìfo ni, ọ̀rọ̀ náà parí sí ààfin. Ohun kan tí àwọn ẹbí sì máa ń dàpọ̀: ìlà méjì ló yẹ kó wà. Ọ̀kan jẹ́ ààlà ilẹ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀, èyí wà lábẹ́ òfin ilẹ̀ 2013-01. Èkejì jẹ́ ààlà ibi tí ìwé àṣẹ ní kí ẹ wà, ìyẹn wà lábẹ́ òfin ìwakùsà, tó sọ ohun inú ilẹ̀ di ti ìjọba. Ìlà méjèèjì kì í sábà bára wọn dọ́gba. Bí wọ́n bá kọ hẹ́kítà 2 àti áà 14 ti onífóònù sínú ìwé àṣẹ yín, ẹ tètè lọ sọ fún wọn, ẹ mú pláànù géomètre dání, kí wọ́n tó wá bá yín.

Ẹ gba fáìlì àwọn àmì náà lọ́wọ́ géomètre pẹ̀lú, kì í ṣe bébà nìkan. Nọ́ńbà, ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, gúúsù sí àríwá, gíga: iye mẹ́rin péré ni fún àmì kọ̀ọ̀kan. Owó yín ló fi wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá máa wá, á rí ohun tó máa yọ kòtò tuntun kúrò lára rẹ̀.

Àmọ́ lọ́la, kí katapílà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ra ọ̀dà pupa. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ wọ inú kòtò, ẹ kun ìdí gbogbo igi àti erékùṣù ilẹ̀ tó ṣẹ́kù níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ pé ẹni tó bá wó ọ̀kan nínú wọn kí géomètre tó padà dé, òun ló máa san owó pláànù.